Ìwé Ìbéèrè Kan ní Èdè Túrkì àti ní Yorùbá

Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fún mi ló ti ń rẹ̀ mí. Àwọn èèyàn tó gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà yẹn rò pé iṣẹ́ ìjókòó ni, pé mo kàn wà níbi tó móoru tí mò ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó kó wá sí London. Ní Thamesmead, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti rí iṣẹ́. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń fún wọn lóúnjẹ, à ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí wọn lẹ́yìn. Tí mo bá ti kúrò níbẹ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh lọ sí Woolwich, màá lọ jókòó ti ìwé mi, nítorí mo tún ń kàwé sí i ní yunifásítì. Ọkọ mi náà, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ó máa ń sọ pé àwa méjèèjì ò tún ń pàdé mọ́ àfi lójú fèrèsé: òun á máa wa bọ́ọ̀sì kọjá, èmi á máa dúró de òmíràn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ mi jẹ́ òyìnbó obìnrin kan, ẹni pẹ̀lẹ́, tí kì í gbóhùn sókè. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé ìwé ìbéèrè kan síwájú mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ ìtọ́jú gbogbo ni wọ́n ṣe é fún. Gbólóhùn ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Mo máa ń mọ̀ tí inú aláìsàn ò bá dùn, kódà tí kò bá sọ ọ́." Òmíràn ní, "Ìṣòro tí aláìsàn bá ní nílé rẹ̀ kò kàn mí." Akẹ́kọ̀ọ́ á wá fàmì sí i bóyá òun gbà bẹ́ẹ̀ gan-an, tàbí òun gbà díẹ̀, tàbí òun ò gbà rárá. Wọ́n ní tí àwọn bá ro àwọn àmì náà pọ̀, àwọn á mọ bó ṣe lè yé akẹ́kọ̀ọ́ náà tó, ohun tó ń ṣe ọmọnìkejì rẹ̀.

Ọ̀gá ṣàlàyé pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Túrkì fẹ́ lo ìwé náà, obìnrin kan tó ti ibẹ̀ wá ni yóò sì yí i sí èdè wọn. Ó wá wò mí.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ló wí. "Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Gbogbo wọn gbọ́ Òyìnbó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wò ó bóyá ìdáhùn wọn á yàtọ̀ tó bá jẹ́ pé èdè ìyá wọn ni wọ́n fi kà á."

Ó yẹ kí n sọ pé agbára mi ò gbé e. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ Yorùbá mi nílùú yìí, yàtọ̀ sí kí n bá wọn pe orúkọ ẹnì kan. Mo ní mo gbà.

Láíbìrì Woolwich ni èmi àti obìnrin ará Túrkì yẹn ti kọ́kọ́ pàdé. Mo ti débẹ̀ ṣáájú, mo sì ti gbórí lé apá mi lórí tábìlì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kan lókè orí mi ní èdè tí mi ò gbọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, fíláàsì tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Olùkọ́ nọ́ọ̀sì ni nílùú rẹ̀ kó tó wá kàwé síhìn-ín.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni. Tá a bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ nílé wa, a máa ń kí i pé, 'Kó rọrùn wá fún yín.'"

Òyìnbó la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń pè mí ní 'ẹ' ni mo ṣe máa ń gbọ́ ọ.

Mo bi í pé, "Kódà ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí?"

"Kódà ẹni tó ń gbálẹ̀ títì."

Mo sọ fún un pé àwa náà ní tiwa, pé "ẹ kú iṣẹ́" là ń sọ, pé ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ là ń bú. Ó ní kí n tún un sọ. Ó wá bi mí pé báwo ni àwọn òyìnbó ṣe ń sọ ọ́. A jókòó, a rò ó títí, a ò rí i.

"Wọ́n máa ń béèrè pé ṣé àlàáfíà ni," ó wí, "ṣùgbọ́n wọn kì í dúró gbọ́ èsì."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, òun pẹ̀lú tirẹ̀, èmi pẹ̀lú tèmi, a ó sì máa fi gbólóhùn wé gbólóhùn. Ìwé Òyìnbó náà kún fún "rẹ̀" ọkùnrin àti "rẹ̀" obìnrin, àwa méjèèjì kàn pa wọ́n rẹ́ ni, nítorí èdè tirẹ̀ bíi tiwa kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ohun tí èdè méjèèjì bìkítà fún ni ọ̀wọ̀. Tí mo bá kọ ọ́ pé "mo máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀," aláìsàn ti di ọmọdé. Tí mo bá kọ "ọ̀rọ̀ wọn," ó ti di bàbá àgbà, tàbí kó di ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Òun náà ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. A lo ọ̀sán kan gbáko lórí rẹ̀, mo sì sùn lọ kí a tó parí. Nígbà tó gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí ní Auntie níbẹ̀, ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní abla, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lédè tiwọn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ìwé náà lórúkọ gan-an, "empathy" lédè Òyìnbó, ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Mo kọ "àánú," mo fagi lé e, torí pé òkè ni àánú ti ń wo ìsàlẹ̀. Mo kọ "ìbánikẹ́dùn," ó dà bíi pé ẹnì kan ti kú. Àwọn ará Túrkì ti mú ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà, wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìyá àgbà nílé kì í lò ó. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹnì kan "gbọ́ bí nǹkan ṣe rí fún èèyàn." Ìyẹn súnmọ́ ohun tí mò ń wá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: mímọ bó ṣe ń ṣe ọmọnìkejì.

Ìgbà tó yá, a ní láti gbé e síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí a tó gbà pé ó dára. Wọ́n á ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ohun tó yé wọn sí, wọ́n á sì fàmì sí i. Mo kó tèmi jọ sí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀sán Sátidé. Ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ ni, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú bíi tèmi. Mo ra bisikíìtì àti ohun mímu. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege títí mo fi dé gbólóhùn kan.

Mo kà á pé, "Mo máa ń fi ara mi sí ipò aláìsàn."

Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ta ìka sẹ́yìn.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ipò aláìsàn kẹ̀? Mi ò gbà á lórúkọ Jésù."

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé àmín. Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n mo mú un mọ́ra. Mo ní, "Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ ṣàìsàn. Kẹ́ ẹ kàn rò ó lọ́kàn ni, bí ẹni pé ẹ̀yin ni."

"Ríro ọ̀hún gan-an ni mi ò ní ṣe, Auntie. Ohun téèyàn bá ń rò ló ń wá bá a."

Àwọn míì dá sí i. Wọ́n ní àwọn lè ṣàánú aláìsàn, àwọn lè gbàdúrà fún un, àwọn lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn fọwọ́ ara àwọn kọ ọ́ síwèé pé àwọn wà nípò rẹ̀, ìyẹn ò ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń yọ lábẹ́ kóòtù. Físà iṣẹ́ ìtọ́jú ló fi wọ ìlú, òun nìkan ló sì ń gbé yàrá kan lójú ọ̀nà Yarnton Way. Ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ni. Gbogbo àwọn tí mo wẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí mo bá fi ara mi sí ipò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló máa wá wẹ̀ wọ́n?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo sì kọjá sórí gbólóhùn tó kàn.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi ará Túrkì, ẹnu yà á. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn ń sọ ọ́ lédè àwọn pé, "Fi ara rẹ sí ipò mi," kò sì ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ibòmíràn ni wàhálà tirẹ̀ wà. Àwọn gbólóhùn tó ní "kò" nínú ló ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láàmú. Tí ìwé bá sọ pé "kò kàn mí," tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ sọ pé ó kan òun, ó ní láti sọ pé òun ò gbà pé kò kan òun, kó tó débẹ̀ orí rẹ̀ á ti dàrú. Ó ń yí wọn sókè sódò, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń dá wọn padà. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn lọ́hùn-ún, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù rẹ̀ dún ní láíbìrì. Ó wò ó, ó dìde, ó jáde síta. Mo rí i látojú gíláàsì, ó fara ti ògiri. Nígbà tó wọlé padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ jọ, ó dé bírò rẹ̀, ó ti kọ̀ǹpútà pa.

"Bàbá mi," ló wí.

Wọn kò ní dúró dè é. Bí àwọn Mùsùlùmí wa nílé ṣe máa ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í fi òkú sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Ìlú wọn sì jìnnà sí ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí. Kó tó rí bàálù wọ̀, wọ́n á ti sin bàbá.

Mo bá a rìn lọ sílé rẹ̀ ní Barnfield Estate. Òkè ni ọ̀nà ibẹ̀, mo sì ti wà lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tá a wọlé, ó jókòó sórí ilẹ̀ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, ó fẹ̀yìn ti sòfá. Èmi jókòó sórí àga. Ọ̀gá wa ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára, pé kó fi ara balẹ̀, kò sí ìkánjú kankan lórí iṣẹ́. Ó fi hàn mí. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Kí n má purọ́, mi ò mọ ohunkóhun lára nígbà náà. Mo wá ìbànújẹ́ nínú ara mi fún un, mi ò bá a níbẹ̀. Ìrora ẹsẹ̀ ni mo bá, àti oorun. Èmi tí mo ti ń fi oṣù púpọ̀ wá ọ̀rọ̀ fún mímọ bó ṣe ń ṣe ọmọnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀, Yorùbá ló sì jáde, nítorí Òyìnbó tí mo mọ̀ kò gbé e.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn bàbá á dára."

Ó gbójú sókè. "Kí lẹ sọ, abla?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé ará ti wá ará kù, pé ohun tí bàbá fi sílẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ó mi orí. Ó ní tí òun bá wà nílé báyìí, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò máa sọ gbólóhùn kan náà fún òun, pé, "Kí orí yín ó wà ní àlàáfíà."

"Orí?" Mo fọwọ́ kan tèmi. "Orí yìí?"

"Orí yẹn náà."

Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, orí ju ohun tá à ń gbé fìlà lé lọ, pé orí ẹni ni à ń bẹ̀ pé kó má sùn. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn òun ò rò ó débẹ̀ rí, àwọn kàn ń sọ ọ́ ni. Mo wá sọ ọ́ fún un, ní Yorùbá àti lédè tirẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ó sunkún títí. Mi ò gbá a mọ́ra. Mo jókòó. Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo lajú, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé, aṣọ ìbora wà lára mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wà lórí àpótí ìjókòó kan tí ó fi ìrọ̀rí lé. Mo ti sùn. Ó ń po tíì nínú kíṣìnnì.

Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Èmi tí mo wá tù yín nínú."

Ó gbé tíì náà wá fún mi nínú gíláàsì kékeré. "Ó dára bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mò ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí. Ilé ò dá."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, mo se ẹ̀wà, mo dín dòdò, mo gbé e lọ fún un. Lẹ́yìn tó jẹun tán ló tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé: ilé tí wọ́n bá ti ń ṣọ̀fọ̀ kì í dáná, àwọn ará àdúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá. Mi ò mọ̀. Torí pé a kì í lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo ni mo ṣe gbé e.

Kí n tó gbé oúnjẹ náà lọ, mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá sí gbọ̀ngàn, torí pé wọ́n máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọbìnrin tó ń gbé Yarnton Way yẹn ní òun á bá mi lọ. Kò tíì bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tá a débẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Auntie," ó sì kọjá tààrà sí kíṣìnnì. Ó fọ gbogbo abọ́ tó ti kún síńkì láti ọjọ́ yìí, ó nu sítóòfù, ó kó pàǹtí lọ dà nù níta. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo ti rí ìwé ìbéèrè tó dáhùn ní gbọ̀ngàn. Àròpọ̀ àmì rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú gbogbo wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, mo pa gbólóhùn tó ní kéèyàn fi ara rẹ̀ sí ipò aláìsàn yẹn rẹ́. Mo kọ òmíràn sípò rẹ̀: "Mo máa ń bi ara mi pé, báwo ló ṣe ń ṣe aláìsàn yìí?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà á, wọ́n gbà á, kò sẹ́ni tó ta ìka. Mo tún fi àlàyé sí i fún ọ̀gá pé ìwé náà ń béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ̀ lára, kò béèrè ohun tó ń ṣe nígbà tí kò mọ ohunkóhun lára mọ́. Ọ̀gá kà á dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé a parí, ó gba iṣẹ́ síbòmíràn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ wo iṣẹ́ méjèèjì. Ti Túrkì ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń dúró dè é, nítorí náà kó máa lọ. Ní ti Yorùbá, ó béèrè pé, "Ṣebí Òyìnbó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí fi ń kàwé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, kí a fi í sílẹ̀ ná. Ó yẹ kí n jà fún un. Iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ti wá lọ́jọ́ náà, mo kàn ní ẹ ṣé, mo sì lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi.

Ọ̀rẹ́ mi parí tirẹ̀, ó padà sílé lọ bá ìyá rẹ̀. Wọ́n ń lo ìwé náà níbẹ̀ báyìí. Ó pè mí láìpẹ́ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́, mo dúró ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù. Ó sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ráhùn, wọ́n ní àwọn gbólóhùn náà ti gùn jù. A rẹ́rìn-ín sí i. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, abla?"

Mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí. Ó ní òun mọ̀. A kàn wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀, à ń gbọ́ bí ara wa ṣe ń mí, títí bọ́ọ̀sì fi dé.